Kí Gọ́ọ̀mù Tó Gan: Ìdí Tí Àwòrán Fi Yẹ Kó Ṣáájú Bírákẹ́ẹ̀tì

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan lílo àwòrán láti mọ ibi tí bírákẹ́ẹ̀tì yóò jókòó sí lára eyín, ìdáhùn kan ló máa ń yára jáde lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́: “Ti àwọn olówó nìyẹn. Ojú la fi ń ṣe tiwa níbí.” Mi ò fara mọ́ ọn. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò lówó, tí ilé rẹ̀ sì jìnnà sí ilé ìwòsàn, ló nílò àwòrán yìí jù. Mo sì gbà pé a lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ẹ̀ka wa láìdúró de ẹ̀rọ olówó ńlá kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ ọdún 13 kan ń gbé ní Òdòdè, lẹ́sẹ̀ òkè níbẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe oko kòkó. Eyín ajá rẹ̀ yọ sókè, eyín iwájú rẹ̀ sì gun ara wọn. Àwọn òbí rẹ̀ pinnu pé àwọn yóò bá a tò ó. Ìdànrè sí Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn tó kọ́ṣẹ́ títo eyín kò pọ̀ nílẹ̀ wa, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn sì wà. Bó bá jẹ́ Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n á wọkọ̀ dé Àkúrẹ́, wọ́n á tún wọ òmíràn tó gba Ìgbàrà-Òkè àti Iléṣà kọjá. Iṣẹ́ náà lè gba ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì, wọ́n á sì máa padà lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin tàbí mẹ́jọ mẹ́jọ. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá lọ, ọmọ kò ní dé ilé ẹ̀kọ́, òbí kan kò sì ní dé oko.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bírákẹ́ẹ̀tì kan tó wọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Owó ọkọ̀ ni, ọjọ́ iṣẹ́ ni, ó sì lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí wọ́n fi ìtọ́jú náà sílẹ̀ láàbọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ pé kí bírákẹ́ẹ̀tì jókòó síbi tó yẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Gbèsè ni a jẹ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ wáyà

Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ wa lè rò pé wáyà ló ń to eyín, pé bírákẹ́ẹ̀tì kàn ń di wáyà mú ni. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Edward Angle gbé bírákẹ́ẹ̀tì edgewise rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920, bírákẹ́ẹ̀tì náà kò ní ìtọ́sọ́nà kankan nínú fún eyín kan tàbí òmíràn. Oníṣègùn ló ń fi páláyà tẹ wáyà síwá sẹ́yìn, eyín kan lẹ́yìn òmíràn, títí eyín yóò fi dé ibi tó fẹ́. Bí bírákẹ́ẹ̀tì bá yẹ̀ díẹ̀, ó lè fi títẹ wáyà bò ó.

Lawrence Andrews ló yí i padà. Ó kó àwòṣe eyín 120 jọ ní Amẹ́ríkà, ti àwọn ènìyàn tí eyín wọn gún régé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn tò ó. Ó yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, ó sì tẹ ohun mẹ́fà tí wọ́n fi jọra jáde ní 1972. Láti inú iṣẹ́ yìí ló ti ṣe bírákẹ́ẹ̀tì tí ìtọ́sọ́nà eyín kọ̀ọ̀kan ti wà nínú rẹ̀: bí orí eyín yóò ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí gbòǹgbò rẹ̀ yóò ṣe dojú kọ inú tàbí òde, bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yọ síwájú tó. Wáyà kan tí a kò tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni yóò gba inú gbogbo wọn kọjá. Irú bírákẹ́ẹ̀tì yìí, tàbí àwọn tó jáde láti ara rẹ̀, ni àwa náà ń fọwọ́ kàn lónìí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìtọ́sọ́nà tó wà nínú irin kékeré yẹn dúró lórí àdéhùn kan: pé a ó gbé e sí àárín gbùngbùn ojú eyín, lórí ìlà tó gba òró eyín náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá gbé e sí ibòmíràn, wáyà kò mọ̀. Ohun tí bírákẹ́ẹ̀tì bá sọ fún un ni yóò ṣe. Bí bírákẹ́ẹ̀tì bá yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, eyín á yí. Bó bá dagun, gbòǹgbò á dagun tẹ̀lé e, ó sì lè sún mọ́ gbòǹgbò eyín kejì jù. Bó bá ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù, eyín kan á gùn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ nígbà tí ọmọ bá rẹ́rìn-ín. Nítorí pé ojú eyín kò tẹ́ pẹrẹsẹ, tó rí róbótó bí ẹ̀yìn igbá, gíga tí a ṣì yẹn á tún yí bí gbòǹgbò ṣe dojú kọ inú tàbí òde. Kódà, bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, eyín lè yí.

Àtúnṣe wà, òótọ́ ni. A lè yọ bírákẹ́ẹ̀tì, ká nu ojú eyín, ká lẹ̀ ẹ́ padà. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a ní láti padà sí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ẹni tó ń gbé ìtòsí ilé ìwòsàn lè má ka ìyẹn sí. Ọmọ Òdòdè yóò kà á ní iye ìgbà tó tún máa wọkọ̀.

Ojú àgbà náà máa ń yẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ènìyàn bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ á ti mọ àárín eyín láìwo àwòrán kankan. Èmi kò ní fọwọ́ rọ́ ìrírí àwọn olùkọ́ wa sẹ́yìn. Lára wọn la ti ń kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1992, Balut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ mẹ́wàá tó ń kọ́ni ní títo eyín lẹ bírákẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn àwòṣe eyín kan náà. Orí àwòṣe ni o: kò sí itọ́, kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dínà, kò sí ọmọ tó ń mira lórí àga. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ gíga tí wọ́n rí jẹ́ 0.34 mìlímítà ní ìpíndọ́gba, ti ìdagun sì jẹ́ 5.54 dígírì.

Ẹ wo iye kejì yẹn dáadáa. Fún eyín iwájú òkè tó wà láàrin, ìtẹ̀sí ẹ̀gbẹ́ tí Andrews fi sínú bírákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ dígírì 5. Ìyẹn ni pé yíyẹ̀ ọwọ́ ènìyàn, ọwọ́ olùkọ́ pàápàá, lè tóbi tó odidi ìtọ́sọ́nà tó wà nínú irin náà. À ń sanwó bírákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ní ìwọ̀n tó péye, a wá ń fi ojú lásán gbé e sí ipò.

Kì í ṣe àìmọ̀ ló fà á. Ibi tí ojú dúró sí ni. Ẹni tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ tó dé Aládé á rí Òkè Ìdànrè. Ẹni tó dúró ní Òdòdè náà á rí i. Bí a bá ní kí àwọn méjèèjì ya ohun tí wọ́n rí, àwòrán wọn kò ní jọra, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ẹnu. Eyín iwájú rọrùn láti wò lọ́gbọọgba. Nígbà tó bá di àwọn eyín tó wà lẹ́yìn eyín ajá, ẹ̀gbẹ́ la ti ń yọjú wò wọ́n, ohun tó dà bí àárín lójú wa sì lè má jẹ́ àárín rárá.

Àwọn nǹkan mìíràn tún ń tan ojú jẹ. Ẹran ìdí eyín tó wú máa ń bo apá kan eyín mọ́lẹ̀, àárín á sì dà bíi pé ó ti sún. Eyín tí kò tíì yọ tán ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ ti jẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti gbòǹgbò, ojú kò rí i rárá, bẹ́ẹ̀ ibi tí gbòǹgbò wà wà lára ohun tí a ń wá.

Láti sikánà dé fóònù

Nígbà tí a bá gbọ́ pé àwòrán ni yóò júwe ipò bírákẹ́ẹ̀tì, sikánà ẹnu ló máa ń wá sọ́kàn wa. A ó ti orí rẹ̀ bọ ẹnu, yóò ya eyín láti gbogbo ìhà, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ ọ́ di àwòṣe tí a lè yí síbí yí sọ́hùn-ún. Orí kọ̀ǹpútà la ó ti gbé bírákẹ́ẹ̀tì sí ipò, tí a ó wo bí eyín yóò ṣe rí nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ̀rọ tó tẹ àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jáde tí yóò kó gbogbo bírákẹ́ẹ̀tì wọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún ti ṣe irinṣẹ́ tí kámẹ́rà kékeré wà lórí rẹ̀, tó ń fi ibi tí bírákẹ́ẹ̀tì wà lára eyín wé ibi tí ètò kọ̀ǹpútà ní kó wà. Iṣẹ́ tó dára ni. Owó rẹ̀ kò sí nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, iná mànàmáná tí yóò sì máa gbé e ṣiṣẹ́ kò dúró sójú kan.

Ẹ má jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí sikánà tó dé, ni Silverman àti Cohen ti fi ọ̀nà kan lélẹ̀: kí a kọ́kọ́ to bírákẹ́ẹ̀tì sórí àwòṣe eyín, lórí tábìlì níbi tí ojú ti lè wo eyín lọ́gbọọgba, kí a tó fi àwo kan kó wọn wọ ẹnu. Ní 1999, Koo, Chung àti Vanarsdall fi ọ̀nà yìí wé lílẹ̀ ẹ́ tààrà sẹ́nu. Ọ̀nà orí àwòṣe dára jù ní ti gíga. Ní ti ìdagun àti yíyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọn kò rí ìyàtọ̀ pàtàkì. Kò sì sí èyí tó gbé gbogbo bírákẹ́ẹ̀tì sí ipò tó péye gan-an nínú méjèèjì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń mú nǹkan péye. Pé kí ojú wo eyín láti ibi tó tọ́, kí a sì tún un yẹ̀ wò, ló ṣe pàtàkì.

Fóònù tó wà lápò wa lè ṣe ìyẹn. Gọ́ọ̀mù tí à ń lò kì í gan títí a ó fi tan iná aláwọ̀ búlúù sí i. Àyè wà láàrin ìgbà tí bírákẹ́ẹ̀tì kan eyín àti ìgbà tí a tan iná yẹn. Kí a yí iná àga kúrò lójú ẹnu, nítorí pé òun náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú gọ́ọ̀mù gan. Kí a fi fóònù ya eyín náà ní ọ̀kánkán, kí a ya àwọn tó wà lẹ́yìn láti inú dígí ẹnu, kí a fẹ àwòrán náà lójú, kí a wò ó bóyá ihò bírákẹ́ẹ̀tì bá òró eyín mu. Bí kò bá bá a mu, a lè sún un. Nígbà tí iná bá ti tàn, ó di yíyọ.

X-ray tó ń ya gbogbo àgbọ̀n pọ̀ náà wà nínú ọ̀pọ̀ fáìlì. Wọ́n sábà ń yà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó la máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà gbòǹgbò sórí ẹ̀dà rẹ̀ kí a tó mú bírákẹ́ẹ̀tì dání?

Ohun tí àwòrán kò mọ̀

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní ká máa sin àwòrán. X-ray tó ń ya gbogbo àgbọ̀n pọ̀ máa ń yí ìtẹ̀sí gbòǹgbò padà, pàápàá ní agbègbè eyín ajá àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ láìwo ẹnu yóò ṣìnà. Èyí tó ń ya eyín ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fi gbòǹgbò hàn dáadáa jù, ṣùgbọ́n ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ ju ti èkíní lọ, kò sì tọ́ ká máa yà á fún ọmọdé nítorí ipò bírákẹ́ẹ̀tì nìkan.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kàn wá ju bó ṣe kan àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Nínú ohun mẹ́fà tí Andrews là sílẹ̀, ìkarùn-ún ni pé kí eyín fara kan ara wọn, kí àlàfo má sí láàrin wọn. Ètò kọ̀ǹpútà tó bá ń tẹ̀lé e yóò pa gbogbo àlàfo dé. Ṣé gbogbo àlàfo ló jẹ́ àbùkù nílẹ̀ wa? Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń yin eléjí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń lọ bá oníṣègùn eyín pé kó bá wọn ya èjí tí Ọlọ́run kò fún wọn. Bí ọmọ wa láti Òdòdè bá jẹ́ eléjí, tí ìyá rẹ̀ ní èjí, tí ìyá ìyá rẹ̀ náà ní i, kọ̀ǹpútà kò ní bi í bóyá ó fẹ́ kí èjí rẹ̀ wà. Àwa la gbọ́dọ̀ bi í, kí a tó gbé bírákẹ́ẹ̀tì kankan sí ipò.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgbọ̀n àti ètè. Ní ọ̀pọ̀ wa, eyín iwájú máa ń yọ síwájú díẹ̀ ju ti òyìnbó lọ, ojú wa sì gbà á. Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ti ara àwòṣe 120 ní Amẹ́ríkà mú jáde kì í ṣe òfin fún gbogbo ẹnu. Àwọn tiwa ti ṣiṣẹ́ lórí eyín àwọn ọmọ wa. Ní 1993, Otuyemi àti Abidoye tẹ ìwádìí jáde lórí ìtò eyín àwọn ọmọ ọdún 12 ní ẹ̀bá ìlú àti ní ìgbèríko ní Nàìjíríà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa fi ṣe ìpìlẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tí a ń wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Èkíní, ẹ jẹ́ ká wọn ara wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lẹ bírákẹ́ẹ̀tì mọ́ àwòṣe kan náà, kí a fi fóònù tó dúró sójú kan ya gbogbo rẹ̀, kí a wọn ìyàtọ̀ gíga àti ìdagun. Kò ní ná wa ju POP, bírákẹ́ẹ̀tì àlòkù àti ọjọ́ kan lọ. Bí ojú wa bá péye ju ti àwọn olùkọ́ tí Balut dán wò lọ, màá gbà pé mo ti sọ àsọdùn.

Èkejì, kí ó di àṣà pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò dé ìdí àga láìmú àwòṣe eyín tí ó ti fa ìlà òró sí dání, pẹ̀lú gíga eyín kọ̀ọ̀kan tí ó ti wọ̀n, àti X-ray tí ó ti fa ìlà gbòǹgbò sí.

Ẹ̀kẹta, kí a máa ya àwòrán kí a tó tan iná, kí olùkọ́ wo àwòrán náà pẹ̀lú wa. Yóò fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún iṣẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn kò tó ìrìnàjò kan láti Ìdànrè. Àmọ́ kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹnu, tàbí òbí rẹ̀ bó bá jẹ́ ọmọdé, kí a tó yà á. Kí àwòrán má ṣe dé WhatsApp kíláàsì. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ará ìlú ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, kò sì yọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kan ẹ̀yin tí ẹ ti jáde. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́dọọdún, nígbà ìpàdé àwọn tó ti jáde, a máa ń gbọ́ ìlérí nípa ẹ̀rọ ńlá. Kí ẹ̀rọ ńlá tó dé, ẹ ra dígí tí wọ́n fi ń ya inú ẹnu fún wa, èyí tí kì í sán bí a bá sè é. Ẹ ra ìwọ̀n gíga bírákẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ tó kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún má máa dúró de ẹyọ kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra sikánà, ẹ ra bátìrì àti sólà tí yóò máa gbé e pẹ̀lú rẹ̀, nítorí sikánà tí kò níná kò yàtọ̀ sí àwo lásán.

Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti wà ní ìlú Òǹdó báyìí, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ eyín sì ń pọ̀ sí i ní ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ Ìdànrè kò ní rin ọ̀nà jíjìn kó tó rí ẹni bá a to eyín. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan tó wá bá wa tó o. A lè wo eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó tan iná.